Eré Aláìníwèé Tí Mo Ṣe Lọ́jọ́ Ìkórè

Ayédé-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì ìkórè.

Jọmílójú, ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sí ọ yìí, tí o bá kà á sétí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, wọ́n á ní bàbá rẹ ti mu ẹmu kó tó mú bírò. Má bá wọn jà. Èmi tí ó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, mo kọ́kọ́ rò pé àlá ni, àfi ìgbà tí mo gbóòórùn ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ. Kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́. Èmi náà ì bá má gbà á gbọ́ ká ní kì í ṣe èmi ni mo ṣe é.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ìtàn láìkí ará ulé. Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ara le koko? Ṣé omi ti ń yọ ní àdúgbò yín, àbí ẹ ṣì ń bá àwọn aládùúgbò du kànga? Ọlọ́run tí kì í sùn á máa ṣọ́ ọ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀, bíréèkì rẹ̀ á máa mú. Ẹni tó bá fẹ́ bà ọ́ lórúkọ jẹ́, oorun á máa gbé e lọ ní ìgbà tó bá yẹ kó sọ̀rọ̀. Àmín. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń san, ìgbà tó bá yẹ kó pọnmi nìkan ló ń dùn ún, tó bá di ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, sísáré ló máa ń sáré. Kòkó so dáadáa lọ́dún yìí. Ọ̀nà tó lọ sí Òyè ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ihò tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń wa takisí ti bímọ báyìí, àwọn ọmọ náà ti ń dàgbà.

Báńkì mi ní Òyè kí mi kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù ní ọjọ́ kìíní ọdún yìí. Ọjọ́ yẹn ni ọmọge tó ń tẹ kọ̀ǹpútà fún wa ní Ìkòlé fún mi nígbà tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù báńkì, mo sọ fún un pé mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó ní kí n mú ọjọ́ ọdún tuntun, pé ọ̀fẹ́ ni. Inú mi dùn pé báńkì rántí. Mo wọ agbádá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òyè kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọdún ni, gbogbo wọn ti lọ sílé. Ó dùn mí díẹ̀. Ta ní ń kí ènìyàn kú ọjọ́ ìbí tí yóò tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ báńkì ló wà lọ́kàn rẹ. Ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́sí ló wà níbẹ̀, pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí n óò wá sí Ìbàdàn, n óò mú ọ kúrò níbi tí o ti ń kọ́ eré orí ìtàgé, kí o wá bọ́ sí iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì. Fọ́ọ̀mù wọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọmọge Ìkòlé yẹn ti bá mi kọ gbogbo rẹ̀, ibi tí èmi máa fọwọ́ sí nìkan ló kù. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á kẹ́yìn. Má tíì di ẹrù, má sì tíì tú u. Ṣáà máa ka lẹ́tà náà lọ.

Ìwọ náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Fídíò tí o fi ránṣẹ́ ni. O ò kọ nǹkan kan sí i, o kàn jù ú sórí fóònù mi bí ẹni ju òkúta sórí páànù. Mo ṣí i, mo rí ọ lórí ìjókòó, mo rí ọkùnrin apárí kan, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ, ó ń sunkún, ó ń pè ọ́ ní ìyá òun, ó ní kí ló dé tí o fi ta ilé bàbá òun. Ìwọ náà ń sunkún, o ní ebi ló pa ọ́. Mo pe ìyá rẹ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù. Mo ní kí ló ń kà, ṣé kò rí i pé apárí ni ọmọ náà ni? Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n òun ò lè jókòó lásán. Mo pariwo mọ́ ọkùnrin náà nínú fóònù pé kó dìde lẹ́sẹ̀ ọmọ mi, kó lọ wá ìyá rẹ̀ síbòmíràn, kò tilẹ̀ wojú mi. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń wò yín, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹkún yín pọ̀ tán. Kò là yín. Kò bẹ̀ yín. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní olùkọ́ yín nìyẹn.

O ṣàlàyé. O ní eré ni, pé olùkọ́ kò fún yín ní ìwé kankan, ó kàn sọ pé ìwọ ni ìyá, apárí ni ọmọ, ilé ti lọ, ẹ máa bá a lọ. O ní ó ní orúkọ òyìnbó kan, orúkọ náà gùn bíi tírélà, mi ò lè kọ ọ́, eré aláìníwèé ni èmi ń pè é. O ní òfin kan ló ní, pé ohun tí ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré bá gbé lé ọ lọ́wọ́, o ò gbọdọ̀ jù ú dànù, kí o gbà á, kí o fi tìrẹ lé e. Mo ní ọmọ mi, òfin àwọn gbájúẹ̀ nìyẹn. Ní garéèjì tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, gbogbo ẹni tó gba ẹrù tí àjèjì gbé lé e lọ́wọ́, ọlọ́pàá ló ń bá wọn tú u. O rẹ́rìn-ín. O ní ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń lọ láti ìlú dé ìlú fẹ́ mú ènìyàn mẹ́ta nínú yín lóṣù tó ń bọ̀, eré aláìníwèé yẹn ni wọ́n sì máa fi yàn wọ́n, torí pé iná lè kú lórí ìtàgé, ẹnìkejì ẹni lè gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀nà á dúró síbẹ̀ bí òpó.

Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo máa ń gbé àwọn eléré kan láti Ìkòlé lọ sí Ọ̀tùn láyé ọjọ́un. Ọ̀gá wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, inú ọkọ̀ ló ti ń pín eré, á ní ìwọ lọba, ìwọ lolè, ìwọ ni ìyàwó tó sá lọ. Lọ́jọ́ tí ìyàwó tó sá lọ sá lọ lóòótọ́, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn ló tì síta, tòun ti èéfín lára, àwọn ará Ọ̀tùn sì sunkún títí. Ṣùgbọ́n èmi rò pé àìmọ̀wé ló fà á ni. Ìwọ tí a rán lọ kọ́wèé, kí ló dé tí o fi ń sanwó kí wọ́n má baà fún ọ níwèé? Ìgbà yẹn ni mo ní Sátidé, tí mo pa fóònù.

Wàyí o, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa bọ́ sí àná. Moyọ̀sọ́rẹ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló ṣètò eré ọmọ onínàákúnàá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó pín in fún olúkúlùkù bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Alàgbà Rótìmí ni bàbá, Fádèyí aládùúgbò wa ni ọmọ tó jẹ ogún rẹ̀ tán. Má bi mí pé báwo ni ẹni ọgọ́ta ọdún ṣe jẹ́ ọmọ, òun nìkan ló gbà láti wọ àkísà níwájú ìjọ. Ni eyín Rótìmí bá wú láàárọ̀ àná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bí ẹni gbé ọsàn sẹ́nu, wọ́n gbé e lọ sí Ìdó lọ rí dókítà. Moyọ̀sọ́rẹ sáré wá sí ulé wa, ó kúnlẹ̀, ó ní bàbá, ẹ̀yin ni irùngbọ̀n yín funfun. Mo ní mi ò lè ka ìwé rẹ̀ kíákíá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń mú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀bù iṣu. Ó ní kò sí wàhálà, pé kí n dúró kí Fádèyí wọlé wá tọrọ àforíjì, kí n dì mọ́ ọn, kí n wá nawọ́ sí ẹran, kí n ní kí wọ́n pa á, kí a jẹ, kí a yọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Màlúù ni Bíbélì pè é, ṣùgbọ́n òbúkọ Ìyá Àyànfẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n yá, òbúkọ dúdú onírùngbọ̀n yẹn tó máa ń wo ènìyàn bíi pé òun ló ni ilẹ̀ tí a kọ́lé sí. Ìyá Àyànfẹ́ kò kọ́kọ́ fẹ́ fi sílẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ búra fún un pé tí mo bá ti lè sọ pé kí wọ́n pa á, òun fúnra òun lòun máa fà á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, òun á so ó mọ́ igi fún un, koríko rẹ̀ gan-an kò ní tutù kó tó dé.

Mo wọ agbádá, mo dúró. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti l'Ákùúrẹ́ ló wálé. Fádèyí wọlé tòun ti àkísà, ó wólẹ̀ gbalaja. Ó yẹ kó ní bàbá, èmi ti dẹ́ṣẹ̀ sí ọ̀run àti níwájú rẹ. Ojú ènìyàn dẹ́rù bà á, ọ̀rọ̀ fò lọ lórí rẹ̀, ó la ẹnu, ó ní Bàbá Jọmílójú, ẹ má bínú. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Moyọ̀sọ́rẹ fọwọ́ bojú. Ó yẹ kí n dì mọ́ ọn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe pe orúkọ mi gan-an báyìí ni mo rántí ẹ̀rọ tí mo fi ń fín kòkó, èyí tó yá lọ́wọ́ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó dá a padà tí ẹnu tó ń tu oògùn jáde ti kán, tó wá wojú mi ní bí òun ṣe gbà á nìyẹn. Ọmọ mi, òfin rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́, mi ò jù ú dànù. Mo ní kí ni kí n má bínú sí? Ó yá, máa kà á.

Ó ní òun ná ogún òun nínàákúnàá. Mo ní ìyẹn kọ́. Ó ní òun bá ẹlẹ́dẹ̀ jẹun. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe tèmi, máa bá a lọ. Ó gbójú sókè, ó wò mí, mo wò ó, mo rí i pé ó ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ó wá sọ ọ́, jẹ́jẹ́, ó ní bàbá, ẹ̀rọ yín, mo gbé e yá àna mi ní Odò-Orò, òun ló ṣẹ́ ẹ lẹ́nu, ojú tì mí láti sọ, ni mo fi purọ́ fún yín. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Omi gidi ni. Mo ti bá a ṣe aládùúgbò fún ọgbọ̀n ọdún, mo mọ ẹkún rẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dì mọ́ ọn. Inú mi ti rọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n mo ṣèèṣì gbójú sókè, mo rí ènìyàn bí irínwó, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò, kò sí ẹni tó ń tẹ fóònù. Kò sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí, àfi bóyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, lọ́jọ́ yẹn náà, ìyá rẹ ni wọ́n ń wò. Adùn rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo kẹ̀yìn sí Fádèyí, mo ká agbádá mi sí èjìká, mo ní mi ò gbọ́, mi ò gbà, kó padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

Ìwọ náà mọ ilẹ̀ wa. Tí àgbàlagbà bá ń bínú, tí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ bá wà nílẹ̀, ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí kò bá wọn bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ ni. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ dìde, tòun ti orúnkún, ó kúnlẹ̀, ó ní olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ìjọ kúnlẹ̀. Àwọn akọrin kúnlẹ̀ tàwọn ti ìwé orin. Àwọn ọmọ Èkó tó wọ ṣòkòtò fífún dọ̀bálẹ̀ débi tí ṣòkòtò náà gbà wọ́n láàyè. Alùfáà sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó ní bàbá, nítorí tèmi. Moyọ̀sọ́rẹ náà kúnlẹ̀, ó di etí agbádá mi mú, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé bàbá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo sọ fún yín o. Èmi gbà á bí ẹ̀bẹ̀, mo fi tèmi lé e. Mo ní àfi tí àwọn ará Odò-Orò fúnra wọn bá wá bẹ̀ mí. Àṣé ẹnìkan wà lẹ́yìn pátápátá, ó dìde, ó ní ará Odò-Orò lòun, ìkórè lòun bá wọn wá, òun ò tilẹ̀ mọ àna ẹnikẹ́ni, ó sì dọ̀bálẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́?

Mo yíjú padà. Mo gbé Fádèyí dìde, mo dì mọ́ ọn, àkísà rẹ̀ ń rùn, mi ò bìkítà. Mo gbóhùn sókè bí ìgbà tí mo ń pe èrò Ìkòlé ní garéèjì, mo nawọ́ sí òbúkọ, mo ní ẹ mú un! Ẹ pa á! Ká jẹ, ká yọ̀! Ariwo ta. Akọrin bẹ́ sórin. Gbogbo ìjọ ń jó, èmi àti Fádèyí la wà láàárín, a di ara wa lọ́rùn bí ọmọdé tó ń ti iléèwé bọ̀.

Kò sẹ́ni tó rántí òbúkọ. Moyọ̀sọ́rẹ tó yẹ kó fà á jáde ṣì wà lórí eékún rẹ̀ láàárín èrò, kò rọ́nà dìde. Àwọn géńdé tó ń se oúnjẹ ìkórè wà lẹ́yìn fèrèsé, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, ẹran ni wọ́n ń kun láti òwúrọ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọ́n fa òbúkọ jáde. Wọ́n ní bí àwọn ṣe gbọ́ ọ pé àgbàlagbà ń pàṣẹ tẹkúntẹkún, àwọn rò pé ẹran ẹ̀jẹ́ ni, àwọn ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ́ náà pẹ́. Kí orin kẹta tó parí, òórùn irun òbúkọ ti gba fèrèsé wọlé.

Mi ò lè purọ́ fún ọ nínú lẹ́tà, ẹran náà dùn. Àwo kan ni èmi àti Fádèyí fi jẹ ẹ́. Ìyá Àyànfẹ́ náà jẹ nínú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Owó òbúkọ kan ni, kó jẹ́ dúdú, kó ní irùngbọ̀n, torí èyí tí kò ní irùngbọ̀n, Ìyá Àyànfẹ́ kò ní gbà á. Tó bá kù, ra káàdì fóònù fún ìyá rẹ, kó yé fi tèmi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí wá á padà lọ́jọ́rú, ẹni mi ni, fi lé e lọ́wọ́. Bá mi kí apárí yẹn, sọ fún un pé kó má bínú sí ariwo tí mo pa mọ́ ọn, mi ò mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ tó dára sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ tí ẹnu àwọn yòókù bá gbẹ. O ò ní dúró bí òpó láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń yan ènìyàn, ojú wọn ò ní fò ọ́. Wàá dàgbà, wàá dàgbà lójú wa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ajíbọ́lá.

Mo ti kọ orúkọ mi tán kí ìyá rẹ tó ní kí n ka lẹ́tà náà sétí òun, ó ní mi ò tíì sọ ti Sátidé. Òótọ́ ni. Nírọ̀lẹ́ àná, èrò kún iwájú ulé wa, wọ́n wá kí mi kú eré, orí mi sì wú. Mo ní kí wọ́n bá mi mú fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì wá, mo mú bírò. Mo ní mo ti wá rí i gbangba pé òfò ni owó tí à ń san n'Íbàdàn, inú ẹ̀jẹ̀ wa ni eré wà, èmi tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ni mo ṣe irú eléyìí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kọ́ Jọmílójú? Kó máa bọ̀ wálé, kó máa ṣe nọ́ọ̀sì rẹ̀, tó bá di ọjọ́ ìkórè, èmi pẹ̀lú rẹ̀ á jọ máa ṣeré. Fádèyí ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo ti gbé ẹnu bírò lé ibi tí n óò fọwọ́ sí. Ìyá Àyànfẹ́ tó jókòó sórí àpótí, tó ń fi igi tayín, dìde, ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó ní Bàbá Jọmílójú, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ uṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹni tí kò kọ́ ọ ló ń pa ẹran ẹlẹ́ran.